Bí Ọ̀rọ̀ Bá Ju Ẹkún Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwàdà Kíkorò Láàárín Àwọn Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara àti ti ọpọlọ. Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ tuntun ń bi mí jù lọ kò jẹ mọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní: "Ẹ̀rín tí a jọ rín lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé kò burú?" Ibẹ̀ ni àwọn ìdáhùn yìí ti wá. Àwọn òbí, àwọn ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn tó fẹ́ olùkọ́ sílé náà ní ìbéèrè tiwọn, mo sì ti kó wọn mọ́ ọn.

Irú àwàdà wo gan-an là ń sọ?

Àwàdà tí a ń fi ohun tó ń dunni tàbí tó ń bani lẹ́rù ṣe ni. Olùkọ́ kan tí ọmọ ti gé jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ wọ yàrá àwọn olùkọ́ wá, ó na apá rẹ̀ síwájú, ó ní, "Ó kéré tán, ẹnì kan ń jẹun dáadáa ní kíláàsì mi." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan dìde, ó lọ mú òwú àti oògùn apakòkòrò wá, ó ń bá a nu ojú egbò náà, a sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ má gbàgbé òwú yẹn o, nítorí mo máa tún dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún un: Galgenhumor, àwàdà abẹ́ igi ìyẹgi. Sigmund Freud, dókítà ará Austria tó ṣèwádìí ọkàn ènìyàn, mú àpẹẹrẹ kan wá nínú ìwé tó kọ nípa àwàdà ní 1905. Wọ́n ń mú ọ̀daràn kan lọ yẹgi fún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní, "Áà, ọ̀sẹ̀ yìí mà bẹ̀rẹ̀ dáadáa o." Ọkùnrin náà mọ̀ pé òun ò ní rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Okùn ò já, ẹ̀rù ò sì lọ. Ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú kan, òun ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kì í ṣe àwọn tó ń fà á lọ.

Àwọn àgbà wa náà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe yẹn ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Ohun tó sọ ni pé ẹkún ò tó o mọ́.

Kí ló dé tó fi wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà?

Nítorí pé ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbé ka olùkọ́ láyà pọ̀, ibi tó sì ti lè sọ ọ́ jáde kéré.

Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ á pààrọ̀ ìlédìí ọmọ ọdún 14, á sì ṣe é lọ́nà tí ojú ò fi ní ti ọmọ náà. Á gba inú ọ̀pá rọ́bà tó wọ ikùn fún ọmọ mìíràn lóúnjẹ. Wárápá á gbé ẹnì kẹta. Olùkọ́ á yí i sí ẹ̀gbẹ́, á tẹjú mọ́ aago, nítorí pé bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ọ̀rọ̀ ti di ti ọkọ̀ aláìsàn nìyẹn. Ẹnì kẹrin á gbá a lójú. Kì í ṣe pé ọmọ náà kórìíra rẹ̀. Ariwo ló pọ̀ jù fún un, kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, fọ́ọ̀mù ń dúró: fọ́ọ̀mù wárápá, fọ́ọ̀mù ìgbájú, fọ́ọ̀mù ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ṣì ni èyí tó rọrùn. Ohun tó ń wọni lára jù ni ti ọmọ tí kò ní lọ síwájú. Gbogbo olùkọ́ ayé ló gbà pé ọmọ tó bá wá sílé ìwé, ohun tó máa mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á ju ohun tó mọ̀ lọ́dún yìí. Àwa ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Àrùn Duchenne, tó jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin ló sábà ń ṣe, ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í lè rìn mọ́ nígbà tí wọ́n bá fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Olùkọ́ tó kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ti rí i tó ń sáré, ó ti rí i tó ń di ògiri mú, òun ló sì ń ti àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ báyìí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kó kọ ní àyè kan tó béèrè "ìlọsíwájú". Kí ni kó kọ síbẹ̀?

Ìdí mìíràn wà tí àwọn ará ìta kì í rí: ìyìn. "Ẹ mà ní sùúrù o! Èmi ò lè ṣe é láé." "Áńgẹ́lì ni yín." Àwọn tó ń sọ ọ́ ní i lọ́kàn, inú wa sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn ń di olùkọ́ lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní áńgẹ́lì, ta ló máa sọ fún pé òun sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lánàá? Arlie Hochschild, onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1983 nípa àwọn tí iṣẹ́ wọn ń béèrè pé kí ojú wọn máa fi ìdùnnú hàn yálà inú wọn dùn tàbí kò dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú wà lára àwọn tó wò. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe náà ní ojú kan tó ń gbé wọ kíláàsì, tí kò gbọ́dọ̀ bọ́, nítorí pé àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ìbẹ̀rù díẹ̀ lójú olùkọ́ máa ń da gbogbo ọjọ́ wọn rú. Àárín àwọn tó ń gbé irú ojú kan náà nìkan ló ti lè bọ́ ọ kalẹ̀, ẹ̀rín ló sì fi ń bọ́ ọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn panápaná àti àwọn tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ aláìsàn mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1942, Antonin Obrdlik, ọmọ Czechoslovakia, kọ̀wé nípa irú àwàdà yìí láàárín àwọn ará ìlú rẹ̀ lábẹ́ àwọn Násì, ìjọba Hitler ti Jámánì. Ó ní ó ń ki àwọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyà, ó sì ń ba ìgboyà àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n jẹ́. Ìsàlẹ̀ ló ti wá, òkè ló ń lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí wà nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ara wa là ń tàn?

Ó ń ṣiṣẹ́, dé ìwọ̀n kan. Robert Provine, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ẹ̀rín, rí i pé ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín láàárín àwọn ẹlòmíràn jẹ́ ìlọ́po 30 èyí tó ń rín nígbà tó bá dá wà. Nítorí náà, ohun tí à ń sọ fúnra wa nígbà tí a bá jọ ń rẹ́rìn-ín ni pé, "Mo wà níbí, èmi náà rí i." Ní 2011, Robin Dunbar ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti jọ rẹ́rìn-ín, ara wọn ń gba ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rín tó ń mi ikùn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́.

Ṣùgbọ́n irú àwàdà wo? Rod Martin, olùwádìí àwàdà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí mẹ́rin ní 2003: èyí tó ń so ènìyàn pọ̀, èyí tó ń gbé ọkàn ẹni ró, èyí tó ń gún ẹlòmíràn, àti èyí tó ń fi ara ẹni wọ́lẹ̀. Àwàdà kíkorò lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó sì ń kó ìdààmú bá wa nìyẹn. Ní 2012, Andrea Samson àti James Gross fi àwòrán tó ń bani nínú jẹ́ han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n fi àwàdà wò ó. Àwọn kan fi inúure ṣe é, àwọn kan fi ìkà ṣe é. Àwọn tó fi inúure ṣe é ni ara tù jù. Mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ mọ èyí, nítorí pé àwọn kan ń rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti burú tó ni ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń woni sàn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí kíláàsì bá kún àkúnya tí kò sì sí olùrànlọ́wọ́, ẹ̀rín ò lè fi ẹnì kan kún wa. Ẹni tó bá ní kí olùkọ́ máa fi ẹ̀rín gbà á mọ́ra dípò kó fún un ní olùrànlọ́wọ́ ti ṣi ẹ̀rín lò.

Ọmọ tó ní ìpèníjà la mà ń sọ. Ṣé kò burú láti fi í rẹ́rìn-ín?

Ó burú láti fi ọmọ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní àwíjàre kankan fún ìyẹn.

Mo ti sọ pé àwàdà abẹ́ igi ìyẹgi, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, òkè ló ń lọ. Ẹ wá wo ẹni tó wà lókè wa àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa. Àìsàn tí kò gbóògùn wà lókè wa. Fọ́ọ̀mù wà lókè wa, àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé tí wọ́n ti ń fi ogójì ìṣẹ́jú jiyàn lórí ẹni tó máa ra òǹtẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn títí ìhà á fi máa dùn yín. Ọmọ náà ńkọ́? Abẹ́ wa ló wà. Àwa là ń fún un lóúnjẹ, àwa là ń bọ́ aṣọ fún un, àwa là ń kọ ohun tí àwọn yòókù máa kà nípa rẹ̀. Kò lè fèsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti yí orí sísàlẹ̀, tó ń lọ bá ọmọ, kì í ṣe àwàdà abẹ́ igi mọ́. Ọwọ́ tó di okùn mú ló ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn olùwádìí méjì, Peter McGraw àti Caleb Warren, sọ ní 2010 pé ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni ohun tó tàpá sí bó ṣe yẹ kí nǹkan rí, tí a sì rí i lẹ́sẹ̀ kan náà pé kò ní ewu. Àlàyé náà dára lójú mi, ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀: kò ní ewu fún ta ni? Egbò tó wà lápá olùkọ́ yẹn, olùkọ́ ló ni ín. Bó bá fi ṣàwàdà, ohun ìní rẹ̀ ló ná. Ìtọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ, ọmọ ló ni ín.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ ìtọ́. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwa mẹ́ta ń tún tábìlì ṣe lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ sì jókòó láàárín wa. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé òye rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹnì kan nínú wa sọ̀rọ̀ nípa bí ìtọ́ rẹ̀ ṣe lè fọ gbogbo ilẹ̀ kíláàsì láìlo omi. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa wo ọmọ náà, ó ti gbé apá rẹ̀ sókè, ó lọ́ra, apá náà ń gbọ̀n, ó ń fi ọwọ́ aṣọ nu ẹnu.

Ó gbọ́. Fáìlì ló parọ́. Ní 1984, Anne Donnellan, olùwádìí ẹ̀kọ́ àkànṣe, dá a lábàá pé níbi tí a kò bá ti ní ẹ̀rí, kí olùkọ́ gba èyí tó jẹ́ pé bó bá já sí àṣìṣe, ìpalára rẹ̀ fún ọmọ ló máa kéré jù. Bí mo bá rò pé ọmọ gbọ́ tí kò sì gbọ́, kí ni mo pàdánù? Bí mo bá rò pé kò gbọ́ tó sì gbọ́ ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ lókè orí ọmọ, yálà ọ̀rọ̀ àwàdà tàbí ọ̀rọ̀ fáìlì. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì sọ ọ́ tán pátá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó lè dá mi lóhùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ti ń kọjá ààlà?

Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀rín. Ọjọ́ tí mo ń wí yẹn, ẹnì kan dìde lọ mú òwú. Bí a bá rẹ́rìn-ín tán tí kò sẹ́ni tó dìde, tí a ti mọ egbò náà lójú débi pé a kò rí i mọ́, nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ tún fetí sí orúkọ. Ìgbà tí ọmọ tó ní orúkọ bá di "agéni-jẹ yẹn", tàbí tó di orúkọ àìsàn rẹ̀, ọmọ ti ń lọ, àìsàn nìkan ló kù ní kíláàsì. Christina Maslach àti Susan Jackson ṣe ìwọ̀n kan ní 1981 fún bí iṣẹ́ ṣe ń fa ènìyàn gbẹ. Ohun mẹ́ta ló ń wọ̀n: kí ọkàn rẹni pátápátá, kí ènìyàn máa rí àwọn tó ń tọ́jú bí nǹkan dípò bí ènìyàn, kí ó sì máa rò pé iṣẹ́ òun ò já mọ́ nǹkankan. Àwàdà ló sábà máa ń gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹni tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín wí.

Ọ̀nà kan tí mo fi ń yẹ ara mi wò: lẹ́yìn tí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kan nípa ohun tí ọmọ ṣe, ṣé mo lè sọ ohun mìíràn nípa ọmọ kan náà, ohun kékeré tí kò pani lẹ́rìn-ín? Pé ó fẹ́ràn ìró omi. Pé òun ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí ara mi ò bá yá. Bí mi ò bá rí nǹkan sọ, ó yẹ kí n lọ jókòó ti ọmọ náà fún ìdajì wákàtí láìmú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnì kan ṣàwàdà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún yín.

Mo kọ́ ọmọdébìnrin kan tó máa ń ju bàtà rẹ̀ kan gba ojú fèrèsé lójoojúmọ́. Bàtà ọ̀tún ni, kì í ṣe ti òsì rí. A ti so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, a ti wá bàtà tí kò ní okùn; pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ tí a ti ìsìnkú rẹ̀ bọ̀, inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Olùrànlọ́wọ́ kíláàsì wa, tó ti ń he bàtà náà fún ọdún mẹ́ta, ní, "Ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, kó yáa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ o." A rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, omijé náà ò sì dúró títí a fi délé.

Ṣé a fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́? Rárá. Gbogbo ara rẹ̀ ló wà nínú gbólóhùn yẹn: apá rẹ̀, agídí rẹ̀, ọ̀tún tí kì í ṣe òsì. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nìkan ló lè sọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí a sì rí lọ́jọ́ náà ni ọmọ wa bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bí ìwé ìsìnkú ṣe kọ ọ́.

Ní ilé ìwé mìíràn, ikú akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ohun tí olùkọ́ lè má rí títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Níbi tí àìlera àwọn ọmọ bá ti le, a ń rí i, kíláàsì sì ń ṣí lọ́jọ́ kejì nítorí pé àwọn yòókù ń bọ̀. Àwòrán ọmọ tó lọ ṣì wà lára pátákó tí a fi ń pe orúkọ, ọmọ kan á sì máa tọ́ka sí i pé ẹni yìí dà. Charles Figley kọ̀wé ní 1995 nípa bí ríru ẹrù ìrora ẹlòmíràn ṣe ń rẹ àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn, débi pé àánú fúnra rẹ̀ á rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín inú ọkọ̀ yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àánú rẹ̀ wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń kìlọ̀: àwọn òbí ló ni ọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá wà nítòsí, ẹ dúró kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ bàtà wá nígbà tí a lọ kí i lẹ́yìn náà, a sì jọ rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Mo jẹ́ òbí. Mo gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀.

Ìbínú yín tọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "àwàdà lásán ni" pa yín lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ lọ bá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹ̀rín yẹn. Ẹ ó mọ̀ láti inú ìdáhùn. Olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ yín máa tọrọ àforíjì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nípa ọmọ náà tí ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé ẹ mọ̀. Ẹni tí kò rí nǹkankan sọ ju "ẹ má bínú" lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ̀rù ilé ìwé bá wá ń ba ọmọ, tàbí ẹ rí àpá lára rẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí òbí bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ má ṣàlàyé fún un pé ìwádìí sọ pé ẹ̀rín dára. Ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ṣé a lè máa fi irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp àwa olùkọ́?

Rárá. Ohùn àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í bá ọ̀rọ̀ wọ inú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń lọ, ó sì ń dé ibi tí a kò rán an. Àwòrán ọmọ, orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣe é kì í ṣe tiwa láti pín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wò mí bí àjèjì.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi tipátipá rẹ́rìn-ín. McGraw àti Warren pẹ̀lú àwọn mìíràn tún fi hàn ní 2012 pé ohun tó burú gan-an nílò kó jìnnà síni díẹ̀ kó tó lè pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ṣì wà nítòsí jù. Ìgbájú àkọ́kọ́ ṣì ń dùn yín, nígbà tí àwọn yòókù ti ka tiwọn kọjá ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má tètè dá wọn lẹ́bi, ẹ má sì tètè dà bí wọn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ láti orí àga, bí wọ́n ṣe ń dúró kí ọmọ gbé oúnjẹ mì kó tó di pé wọ́n tún bù fún un. Mo ti rí olùkọ́ tó ní ẹnu kíkorò jù lọ ní ilé ìwé, tó jẹ́ pé òun nìkan ni ọmọ kan máa ń jẹ́ kó fọ eyín fún òun. Mo sì ti rí onírẹ̀lẹ̀ tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, tí ọwọ́ rẹ̀ le koko.

Ìyàwó mi ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín tó bá délé ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ má fi ẹ̀rín èké bá a rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bá a wí. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá ní, "Tún un sọ fún mi." Nígbà kejì tó bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín náà sábà máa ń dín kù, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì jáde.

Ọ̀gá ilé ìwé ni mí. Ṣé kí n fòfin dè é?

Bí ẹ bá fòfin dè é, kò ní kú. Ẹ̀yìn ilé ló máa lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń di yẹ̀yẹ́, nítorí pé àgbàlagbà kankan ò sí níbẹ̀ tó máa sọ pé ó tó. Ẹ wá yàrá kan fún àwọn olùkọ́, tí àwọn ọmọ àti òbí kì í gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Bí ọmọ bá ṣe olùkọ́ léṣe, ẹ rán ẹlòmíràn lọ di kíláàsì mú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹni náà lè jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ máa wọ yàrá yẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì kọjú sí ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti rí i: orúkọ nìkan máa ń tó.

Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìròyìn tó péye jù lọ tí ẹ máa rí gbà nípa ilé ìwé yín wà níbẹ̀. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo àwàdà ń dá lórí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣe é tì, ẹ tún ilẹ̀kùn ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìgbájú ọmọ kan ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín lóṣooṣù, ètò tí a ṣe fún ọmọ náà ò ṣiṣẹ́, ìyà sì ń jẹ òun náà. Ẹ pe ìpàdé lórí rẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́ rárá, ohun yòówù kí wọ́n sọ.

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìbéèrè tí mo ń gbà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ bí iṣẹ́ ṣe ń fa okun inú ènìyàn gbẹ sínú ìwé àkójọ àwọn àìsàn rẹ̀, wọ́n sì pè é ní ohun tó ti ibi iṣẹ́ wá, wọn ò pè é ní àìsàn. Ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀ ni kí okun inú tán, kí ọkàn ènìyàn jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kó máa rí iṣẹ́ náà bí ohun tí kò ní láárí, kí iṣẹ́ náà má sì dáa lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ ò ya ọ̀lẹ, ẹ ò sì ya ìkà. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, dókítà tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ́tí sí ènìyàn. Ẹ gba ìsinmi tó tọ́ sí yín. Bó bá gba pé kí ẹ pààrọ̀ kíláàsì tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ṣe é. Àwọn ọmọ ò ní kú nítorí pé ẹ sinmi.

Àwọn tó ní ìpèníjà fúnra wọn ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń ṣe irú àwàdà yìí?

Wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Àwọn ló ni ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ má ṣe nǹkankan nípa wa láìsí wa níbẹ̀" ni igbe tí wọ́n ké títí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ wọn ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2006, mo sì gbà pé ó kan ẹ̀rín náà. Bí ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ bá fi àga rẹ̀ ṣàwàdà, kò fún mi láṣẹ láti lọ sọ irú rẹ̀ níbòmíràn. Ó ké sí mi láti bá a rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní àrùn Duchenne. Lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ fún un, àlejò kan wọlé sí kíláàsì wa, mo sì gbàgbé ara mi, mo ní, "Gbogbo yín, ẹ dìde, ẹ kí àlejò." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí ojú rẹ̀. Kíláàsì pa rọ́rọ́, àlejò ń wo ilẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fi ohùn mi gan-an, bí mo ṣe máa ń bá wọn wí, sọ pé, "Ẹ̀yin ẹsẹ̀ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí olùkọ́ wí ni?" Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá gbójú sókè, ó ń wò mí, ó ń dúró dè mí, títí èmi náà fi rẹ́rìn-ín.